Rúlà Tó Bọ́ Mọ́ Ọmọ Lọ́wọ́ Wà Lára Ìṣirò

Ìṣàyẹ̀wò kan wà tí kò ná ilé-ìwé ní kọ́bọ̀, olùkọ́ físíìsì tí kò sì mọ̀ ọ́n kò wọ́pọ̀. Ẹnì kan á di orí rúlà mú kí ó dúró ṣánṣán. Ẹnì kejì á la àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìsàlẹ̀ rúlà náà, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí wọ́n kàn án. Ẹni àkọ́kọ́ á ṣàdédé tú ọwọ́ sílẹ̀, ẹnì kejì á sì gbá rúlà mú bí ojú rẹ̀ bá ti rí i pé ó ń bọ́. Ibi tí ìka bá mú un sí ni a ó kà. Níwọ̀n bí a ti mọ bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń mú kí ohun tó ń já bọ́ yára sí i, sẹ̀ńtímítà ti di àkókò nìyẹn: ẹ fi méjì sọ ọ̀nà tí rúlà já di púpọ̀ ní mítà, ẹ fi 9.8 pín in, kí ẹ sì wá square root èyí tó bá jáde. Sẹ̀ńtímítà 10 á fún wa ní ìṣẹ́jú àáyá 0.143, sẹ̀ńtímítà 20 á fún wa ní 0.202, sẹ̀ńtímítà 30 á fún wa ní 0.247. Àkókò ìfèsì la wọ̀n yẹn, àlàfo tó wà láàárín ìgbà tí ojú rí àti ìgbà tí ọwọ́ ṣe. Ohun tí mo fẹ́ fi yé àwọn tó ń kọ́ni ni pé ìṣàyẹ̀wò yìí lágbára ju bí a ṣe ń lò ó lọ, àti pé apá tó lérè jù nínú rẹ̀ gan-an là ń dà nù. A ti sọ ọ́ di ìdíje ọwọ́ ta ló yá jù. A ń kọ nọ́ńbà tó dára jù sílẹ̀, a ń pa èyí tí rúlà bọ́ rẹ́, a sì ń gbàgbé pé bí nọ́ńbà ọmọ kan náà ṣe ń lọ sókè sódò ni ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀.

Àwọn kan á kọ́kọ́ bèèrè pé kí la tún ń fi rúlà ṣe nígbà tí áàpù wà lórí fóònù, tí yóò ka àkókò náà jáde tààrà. Wọ́n gbà pé ohun tó wọ́n ló péye. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò dá wọn lóhùn. Nígbà tí rúlà bá fi máa já sẹ̀ńtímítà 20, eré tó ń sá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí irú eré bẹ́ẹ̀, mìlímítà kan ṣoṣo dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 0.0005. Ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ wa ń tún àwòrán ojú wọn yà ní ìgbà 60 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín àwòrán kan àti èkejì, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.017 ti kọjá, rúlà tiwa á sì ti já ju sẹ̀ńtímítà 3 lọ láàárín ìyẹn. A ò tíì sọ ti ojú fóònù tó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ìka ti kàn án, ìpẹ́ tó yàtọ̀ láti orí fóònù kan sí òmíràn, tí ẹni tó rà á kò sì mọ iye rẹ̀. Square root inú ìṣirò wa tún ń ṣe wá lóore. Ẹni tó bá ṣi sẹ̀ńtímítà 20 kà sí 21 ti fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà lórí gígùn, ṣùgbọ́n tó bá di ti àkókò, àṣìṣe rẹ̀ kò ju ìdajì ìyẹn lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọmọ tó fi fóònù wọn àkókò kò ní ju kí ó gba nọ́ńbà tó rí gbọ́. Ọmọ tó fi rúlà wọ̀n ọ́n lè tọ nọ́ńbà náà lẹ́sẹ̀ dé orísun rẹ̀.

Rúlà ní àléébù tirẹ̀, mi ò sì fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Bí ìka bá la jù, àkókò tí ìka fi pàdé á wọ inú ìṣirò, nítorí náà kí àlàfo àárín ìka jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ìgbà. Ọwọ́ tó bá ń sá tẹ̀lé rúlà lọ sísàlẹ̀ ń ba kíkà jẹ́. Kí ọmọ gbé ọrùn ọwọ́ lé etí tábìlì. Èjìká ẹni tó di rúlà mú máa ń tú àṣírí kí ọwọ́ rẹ̀ tó tú, ìyẹn ni ó fi yẹ kí ó máa díbọ́n nígbà mìíràn, kí ó mira díẹ̀ kí ó má sì ju rúlà sílẹ̀. Ohun kan sì wà tí àwọn olùkọ́ máa ń gbójú fò: kí á yí sẹ̀ńtímítà ìgbà kọ̀ọ̀kan sí àkókò kí á tó wá ìpíndọ́gba, torí pé gígùn àti àkókò kì í jọ rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà. Fún àwọn ọmọ tí ìṣirò yìí ṣì ga jù fún, olùkọ́ lè fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe rúlà tirẹ̀, kí ó kọ àkókò sí i lára dípò sẹ̀ńtímítà. Wọ́n á fi ojú ara wọn rí i pé àmì náà ń jìnnà síra bó ṣe ń lọ sókè, ẹ̀kọ́ nípa ohun tó ń já bọ́ sì ti wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni dárúkọ square root.

Gbogbo ìyẹn ní àtúnṣe. Èyí tó le ni àṣà tí a fi ń bèèrè nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ́wọ́ ènìyàn, tí a sì ń fi nọ́ńbà náà dá a lẹ́jọ́. Àṣà yìí ti pẹ́ láyé. Ní ilé ìwòràwọ̀ Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nevil Maskelyne tó jẹ́ olórí ibẹ̀ lé olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, David Kinnebrook, kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1796. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa fi awò ńlá wo ìràwọ̀ bí ó ṣe ń kọjá níwájú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí wọ́n sì máa fetí sí aago tó ń lù, kí wọ́n lè sọ ìgbà náà gan-an tí ìràwọ̀ kọjá. Àkókò tí Kinnebrook ń kọ sílẹ̀ fi ìṣẹ́jú àáyá 0.8 pẹ́ ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ọ̀gá náà kà á sí àìṣedéédéé. Lóòótọ́, ohun tí wọ́n ń ṣe kì í ṣe kí ènìyàn rí nǹkan kí ó sì gbá a mú. Ojú àti etí ni wọ́n ń so pọ̀, ìyẹn ló sì fà á tí ìyàtọ̀ náà fi tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún mélòó kan lé ní ogún, Friedrich Bessel ní Königsberg bẹ̀rẹ̀ sí fi ara rẹ̀ wé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ mìíràn, ó sì rí i pé kò sí ènìyàn méjì tí àkókò wọn dọ́gba, àní láàárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n wá ń ṣírò ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì, kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò. Ibi tí ó ti le ni pé ìyàtọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó ń yí padà láàárín ẹni méjì kan náà bí àkókò ti ń lọ. Ìpẹ́ tó dúró sójú kan kò ṣòro láti yọ. Èyí tó ń yí padà ni kò ṣeé yọ.

Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ dá lé, ó sì wà nínú iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń ṣe nílé-ìwé lójoojúmọ́. Ẹ wo péńdúlọ́ọ̀mù. Nínú ìdánwò WAEC, wọ́n á ní kí ọmọ fi stopwatch wọn àkókò tí péńdúlọ́ọ̀mù fi lọ tó fi bọ̀ ní ìgbà 20, kí ó tó fi 20 pín in. Tí ẹ bá bi í pé kí nìdí, á ní nítorí àkókò ìfèsì, pé ọwọ́ òun ń pẹ́. Ìdáhùn náà kò tó. Bí ọwọ́ bá pẹ́ ní ìwọ̀n kan nígbà tó ń tẹ aago láti bẹ̀rẹ̀, tó sì pẹ́ ní ìwọ̀n kan náà nígbà tó ń dá a dúró, ìpẹ́ méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, kò sì ní sí àṣìṣe kankan. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ìpẹ́ méjèèjì kì í dọ́gba. Ká ní àìdọ́gba náà tó ìṣẹ́jú àáyá 0.1. Péńdúlọ́ọ̀mù tó gùn tó mítà kan ń lo bí ìṣẹ́jú àáyá 2 láti lọ kí ó sì bọ̀, nítorí náà ẹni tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà. Ẹni tó wọn ogún pọ̀ kò fi tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà. Ọmọ tó ti fi rúlà rí bí nọ́ńbà tirẹ̀ ṣe ń fọ́n ká mọ ìdí tí a fi ń ka ogún. Ọmọ tí kò rí i á há ìlà méjì sórí pé òun yẹra fún àṣìṣe ojú àti pé òun tún kíkà ṣe, á kọ ọ́ sílẹ̀, á gba máàkì rẹ̀, kò sì ní mọ ohun tó kọ.

Eré ìje inter-house tí a ń ṣe lọ́dọọdún fi irú nǹkan kan náà hàn, àmọ́ níbẹ̀ ìpẹ́ méjèèjì kì í pa ara wọn rẹ́. Ẹni tó di aago mú níbi tí eré mítà 100 máa parí sí kò gbọ́dọ̀ dúró de ìró ìbọn, torí ìró ń lo bí ìṣẹ́jú àáyá 0.3 kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èéfín ìbọn ni yóò wò. Ó rí èéfín, ó tẹ aago, ó ti pẹ́ díẹ̀. Níbi ìparí, ó ń wo ẹni tó ń sáré bọ̀, ó mọ ìgbà tí àyà rẹ̀ máa kọjá ìlà, ọwọ́ rẹ̀ sì ti múra tẹ́lẹ̀, kò pẹ́ rárá. Aago á wá kéré ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣètò eré ìje fi máa ń fi 0.24 kún àkókò tí a fi ọwọ́ wọ̀n fún mítà 100 kí wọ́n tó fi wé èyí tí ẹ̀rọ wọ̀n. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ń kéde pé ọmọ òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àwọn àgbà sárésáré yẹ kó kọ́kọ́ fi iye yẹn kún un.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká padà sí rúlà tó bọ́. Rúlà sẹ̀ńtímítà 30 ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń lò, ẹ sì rántí pé ìṣẹ́jú àáyá 0.247 ni gbogbo gígùn rẹ̀. Ẹni tí àkókò ìfèsì rẹ̀ bá ju ìyẹn lọ, àní lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní bá rúlà mọ́. Kí la máa ń ṣe? A ó ní, "Kò kà, ẹ tún un ṣe." Báyìí la ṣe ń yọ gbogbo ìgbà tó pẹ́ kúrò nínú ìwé, tí a ó sì máa kọ̀wé pé ìpíndọ́gba kíláàsì jẹ́ 0.19 bí ẹni pé a wọn gbogbo rẹ̀. A ò wọ̀n ọ́n. A ti gé e lórí. Ìgbà tó pẹ́ yẹn sì ni ó ń pa ènìyàn. Ní 1985, David Dinges àti John Powell ní Amẹ́ríkà gbé ìdánwò kan jáde fún àwọn tí oorun ń kùn: iná á máa tàn ní ìgbà tí kò dọ́gba fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ènìyàn á sì máa tẹ bọ́tìnì ní kíá bí ó bá ti rí i. Lára ohun tí wọ́n ń kà níbẹ̀ ni iye ìgbà tí ènìyàn pẹ́ ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí àìsùn ṣe ń pọ̀ ni irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ń pọ̀. Ẹni tí kò sùn ṣì lè yára nígbà púpọ̀, àfi kí ọkàn rẹ̀ ṣàdédé lọ fún ìgbà díẹ̀ kí ó sì padà dé. Lórí eré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, èyí tí òfin ìrìnnà Nàìjíríà gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá jẹ́ bíi mítà 14, awakọ̀ kò sì tíì fẹsẹ̀ kan búréèkì. Ẹni tó ń wakọ̀ tún ní ohun tí ẹni tó ń gbá rúlà mú kò ní: ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó rí, kí ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ibì kan sí ibòmíràn. Ìwé òfin ojú ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi mítà 9 sílẹ̀ fún ríronú nìkan lórí eré máìlì 30 ní wákàtí kan, èyí sì jẹ́ bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tó ti kọ "ó bọ́" sínú ìwé rẹ̀ nílé-ìwé ti mọ bí òkèèrè náà ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó.

Nítorí náà, ẹ lo rúlà mítà kan tó wà nínú gbogbo lábù físíìsì. Ó dé ìṣẹ́jú àáyá 0.45. Kò tó fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà láti ka ìgbà tí rúlà bọ́ náà mọ́ ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe é ní ìgbà mọ́kànlá, kí ó to nọ́ńbà rẹ̀ láti èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù, kí ó sì fi gbogbo èyí tó bọ́ sí ìparí ìlà. Nọ́ńbà kẹfà ni àárín. Kò béèrè kí a mọ iye tí àwọn tó bọ́ jẹ́, ó tó kí a mọ̀ pé wọ́n tóbi ju àwọn yòókù lọ. Kí ọmọ wá kọ mẹ́ta sílẹ̀: nọ́ńbà àárín, èyí tó kéré jù, àti iye ìgbà tí rúlà bọ́.

Ẹnì kan lè wí pé bí a kò bá gbọdọ̀ da èyí tó pẹ́ nù, ṣé a wá gbọ́dọ̀ ka èyí tó yá kọjá ààlà náà mọ́ ọn? Ìbéèrè gidi ni. Ìṣẹ́jú àáyá 0.1 jẹ́ sẹ̀ńtímítà 4.9 lórí rúlà, ẹni tó bá mú rúlà kí ó tó dé ibẹ̀ kò rí nǹkan kan; ó méfò ni. Ẹni tó pẹ́ dáhùn, ó kàn pẹ́ ni. Ẹni tó méfò kò dáhùn ohunkóhun. Kí a ka iye ìgbà tí ọmọ méfò, kí a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n kí a má pè é ní àkókò ìfèsì. Eré fífi bébà ẹgbẹ̀rún náírà pa àwọn ènìyàn láyò dá lórí èyí: owó náà gùn tó bí sẹ̀ńtímítà 15, ẹni tó la ìka sí àárín rẹ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá 0.124 lọ, owó náà á sì máa bọ́ àyàfi bí ó bá méfò. Nínú eré sísá àgbáyé, ìlà 0.1 yìí ni òfin. Ní Eugene ní Amẹ́ríkà, oṣù Keje 2022, níbi ìdíje kan náà tí Tobi Amusan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ti fi 12.12 ṣe àṣeyọrí tí obìnrin kankan kò tíì ṣe rí nínú mítà 100 onífífo, wọ́n yọ Devon Allen kúrò nínú àṣekágbá ti àwọn ọkùnrin nítorí pé ẹ̀rọ ka 0.099 fún un. Tí a bá fi rúlà wò ó, ìyàtọ̀ 0.099 àti 0.100 kò ju mìlímítà kan lọ. Eré ìje gbọ́dọ̀ ní ìlà kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀, mi ò sì bá wọn jà. Àmọ́ ara ènìyàn kì í dáhùn ìbọn lọ́nà kan náà nígbà méjì, ìdájọ́ tó dá lórí ìgbà kan ṣoṣo sì le púpọ̀. Kíláàsì wa kò ní ìdí kankan láti fara wé e.

Àtakò tó kù ni pé ìdíje ń dùn mọ́ àwọn ọmọ, kí ni a ó fi rọ́pò rẹ̀? Mo gbà pé ó ń dùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìdíje náà ń sọ fún wọn. Ó ń sọ pé ọwọ́ lágbájá ló yá, nígbà tó jẹ́ pé láti orí dé ìka kò ju bíi mítà kan lọ, iṣan tó ń gbé iṣẹ́ lọ sí ọwọ́ sì ń fi eré tó ju mítà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gbé e. Ìrìn yẹn kò ju bí ìṣẹ́jú àáyá 0.02 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà wà nínú ojú àti ọpọlọ. Láti ibẹ̀, kò jìnnà kí ọmọ tí rúlà bọ́ mọ́ lọ́wọ́ gbà pé ọpọlọ òun ló wúwo. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá ti gba ọ̀nà yìí rí. Francis Galton wọn àkókò ìfèsì àwọn èrò níbi ìpàtẹ ńlá kan ní London ní 1884, ó ń retí pé yóò fi làákàyè hàn. Ní 1901, Clark Wissler fi ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Columbia ní New York wé máàkì wọn, kò sì rí ìbátan kankan tó ṣeé sọ. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ tọ́ka sí i pé ìgbà díẹ̀ péré ni wọ́n wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti pé àwọn tí wọ́n wọ̀n jọ ara wọn jù, wọ́n sì tọ̀nà. Ó kàn fi yé wa pé nọ́ńbà tí a wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kò lè ru ẹrù tí wọ́n gbé lé e lórí.

Ohun tí a ó fi rọ́pò ìdíje ti wà nílẹ̀ láti 1868, nígbà tí Franciscus Donders ní Utrecht, ilẹ̀ Netherlands, fi ènìyàn kan náà wé ara rẹ̀: ó wọn àkókò tí ènìyàn fi dáhùn nǹkan kan, ó tún wọn ti ìgbà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yàn, ó sì yọ èkíní kúrò nínú èkejì. Rúlà méjì tó fún wa láti ṣe é. Kí ẹnì kan di méjèèjì mú níwájú ọwọ́ ọ̀tún àti òsì ọmọ, kí ó ju ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀, kí ọmọ sì pa ọwọ́ tó kàn nìkan dé. Yóò pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nọ́ńbà rẹ̀ á sì fọ́n ká sí i. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ohun tó máa ṣàwárí nípa ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbẹ̀yìn. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka nọ́ńbà ọmọ kankan síta níwájú kíláàsì. Ẹni tó bá tò wọ́n láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn lórí ìgbà mẹ́ta tí wọ́n gbá rúlà mú kò tíì wọn ohunkóhun lára wọn.